Èsì sí Lẹ́tà Yín

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì.
Ọmọ Gbádégẹṣin ló kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì,
nítorí nígbà àkọ́kọ́, etí mi kọ̀ ọ́.
Ẹ ní Ọlátẹ́jú, ẹlẹ́wọ̀n yín, hùwà akin.
Ẹ ní kí n sọ tẹnu mi
kẹ́ ẹ tó gé ọdún mẹ́fà tó kù kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Mo ti gbọ́ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Ta ni kò gbọ́ ní Iléṣà?
Wọ́n kó wọn lọ gé koríko nílé ìwé kan lẹ́yìn Òkèsà,
ọmọ kékeré kan tẹ páánù tí wọ́n fi bo kànga,
páánù tó ti dípẹtà. Ó kan dún jàn-án.
Ọlátẹ́jú sọ àdá sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.
Wọ́dà ní ẹlẹ́wọ̀n ń sá, ó gbébọn sójú.
Ta ló máa ń sá lọ sínú kànga?
Nígbà tó gbé ọmọ náà jáde,
okùn ti bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí iṣu.

Mi ò jiyàn. Akin ni.
Ìyá ọmọ náà wá sílé mi tòun ti ẹkún,
ó gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n wò ó.
Mo wò ó. Eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀.
Ẹsẹ̀ kan náà yẹn
ló fi bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì pákó lọ́nà Ìpetu,
ó wo ọkọ mi lábẹ́ kẹ̀kẹ́, ó wò ó dáadáa,
ó yí padà, ó sá wọ oko kòkó.
Ará oko tó bá a ní ìdájí sọ fún mi pé
ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Ìdájí! Àṣálẹ́ ló ti kọ lù ú.
Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò ọdún.

Ọmọ òṣómàáló ni mí.
Bí owó àwìn bá ṣòro, bàbá mi a lóṣòó
sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní jókòó, kò ní dìde.
Lọ́jọ́ kan, onígbèsè rẹ̀ yọ ọmọ ẹlòmíì nínú iná.
Bàbá mi bọ́ fìlà, ó kí i kú iṣẹ́ ribiribi.
Lẹ́yìn náà, ó tún lóṣòó.
"Oore tó ṣe fún lágbájá, Ọlọ́run yóò san án;
èmi, aṣọ mẹ́ta ni mo tà fún un."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sùn lọ́jọ́ Ẹtì,
mo rò pé mo ti rí èsì.
Oorun kò wá.
Gbogbo ọdún tí Ọlátẹ́jú ti lò lọ́dọ̀ yín,
èwo ló wọ àpò mi níbẹ̀?
Owó bàbá mi, bó pẹ́ bó yá, a dé ọwọ́ rẹ̀.
Tèmi, ẹ̀yin lẹ ń gbà á,
mi ò sì mọ ibi tẹ́ ẹ ń kó o sí.

Ẹ̀rù kan tún bà mí, mi ò níí purọ́:
bẹ́ ẹ bá ń fi ọdún ra ìwà akin,
ẹlẹ́wọ̀n mìíràn á máa wá kànga kiri,
á máa gbàdúrà kí ọmọ jìn sí i.
Ti Ọlátẹ́jú kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbọn ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Torí náà, ọmọ Gbádégẹṣin ń bá mi kọ ọ́ báyìí:
mi ò ní kẹ́ ẹ dá a sílẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ dá a dúró.
Lọ́jọ́ tó bá jáde, ì báà ṣe ọ̀la,
kó má tíì gba ọ̀nà ibùdókọ̀.
Kó béèrè ilé mi, wọ́n á júwe rẹ̀.
Kò sí àga fún un. Kó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà,
kó sọ fún mi ohun tó rí lójú ọkọ mi
kó tó yí padà.
Bí ẹsẹ̀ bá ń ro ó, èmi náà á lóṣòó tì í.

Kẹ̀kẹ́ náà ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Mi ò tíì tà á.